Bí Ìlù Bá Yí Padà

Ẹ wo àwọn sójà nígbà tí wọ́n bá ń yan ní pápá. Fèrè á dún, ìlù á sọ̀kalẹ̀, ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ á balẹ̀ gì lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé ẹnì kan ṣoṣo ló ni gbogbo wọn. Ìlù yẹn kì í béèrè ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ń yan. Ṣùgbọ́n ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà wá sí agbo onígángan ní Ṣàgámù, níbi tí wọ́n ti ń sin òkú àgbà. Onílù á kì í, á dákẹ́, á wojú rẹ̀, á fún un láyè kó dá tirẹ̀, lẹ́yìn náà á tún fi ìlù bi í ní ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí ó bá dúró gbọn-in, tó tún ń gbẹ́sẹ̀ bí ẹni tí ọ̀gá ń ṣọ́, àwọn ọmọdé ni yóò kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀rín. Bí ìlù bá yí padà, ijó á yí padà.

Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa ló jẹ́ kí n máa ro òwe yìí. Wọ́n lo ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ológun kí wọ́n tó fẹ̀yìntì wá sílé. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n kó fọ́tò mẹ́rin wá bá mi, wọ́n ní kí n bá àwọn yan èyí tó máa dáa jù lára pátákó ìpolongo. Nínú mẹ́rin, aṣọ kákí ló wà lọ́rùn wọn nínú mẹ́ta. “Mo fẹ́ gbé àpótí,” wọ́n ní. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó ná.” Ohun tí mo sọ fún wọn lọ́jọ́ náà, àti èyí tí mi ò ráyè sọ, ni mo kọ síbí, nítorí wọn kì í ṣe ẹni kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ọmọ Rẹ́mọ ló ti fi ọ̀gá àgbà fẹ̀yìntì lóde, yálà lẹ́nu iṣẹ́ ológun, ọlọ́pàá, kọ́sítọ́ọ̀mù tàbí báńkì, tí wọ́n wá sílé pẹ̀lú èrò pé ìlú ń dúró kí àwọn wá pàṣẹ.

Mo ní ìdí tí ẹ̀rù fi bà mí. Lọ́dún tó ṣáájú, tiransifọ́mà àdúgbò wa jó. A ṣèpàdé. Ẹ̀gbọ́n dìde, wọ́n ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà wá kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ẹni tí kò bá mú un wá, kí wọ́n gé wáyà rẹ̀. Wọ́n jókòó. Ìyá àgbà kan tó ń ta obì ní ìkángun ìta wa dìde pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́: “Ọmọ mi, ìwọ àti ta lẹ ti ṣèpàdé kó o tó dájọ́ fún wa?” Ilé náà rọ́ fún ẹ̀rín. Ọjọ́ Ẹtì dé, owó kò pé ìdajì. Oṣù méjì ló gbà wá nínú òkùnkùn, ìgbà tí Olórítún, olórí àdúgbò wa, fẹsẹ̀ rìn láti ojúlé dé ojúlé, tó gba ẹgbẹ̀rún méjì lọ́wọ́ ẹni tó ní méjì, tó gba ogún ẹgbẹ̀rún lọ́wọ́ ẹni tó ní ogún, ni iná padà. Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Àṣírí rẹ̀ ni pé ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ kò burú. Ìṣirò wọn pé. Ṣùgbọ́n nínú bárékè, wọ́n ti san owó oṣù fún ẹni tí wọ́n pàṣẹ fún. Ládùúgbò, kò sẹ́ni tó jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀.

Ìlú tí a wà yìí pàápàá, bí a bá wò ó dáadáa, ìwé ẹ̀kọ́ ni. Ṣàgámù kì í ṣe ìlú tí jagunjagun kan tẹ̀dó, tó wá ní kí àwọn ìyókù máa wá sin òun. Lọ́dún 1872, nígbà tí ogun ti yọ àwọn ìletò Rẹ́mọ lẹ́nu tó, ni wọ́n kó ara wọn jọ sójú kan nítorí ààbò. Òfìn wá, Mákun wá, Sọ́nyìndó wá, Ẹ̀pẹ́ wá, àwọn mìíràn náà wá. Kò sí èyí tó sọ orúkọ rẹ̀ nù. Akárìgbò wà ní Òfìn, Ewùsì wà ní Mákun, ìtún kọ̀ọ̀kan ní Olórítún tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ohùn kan ṣoṣo darí irú ìlú bẹ́ẹ̀, àfi kó máa pariwo títí tí ohùn á fi há.

Àwọn baba wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lú jagunjagun. Wọ́n ní Balógun, wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n wọn ò gbàgbé pé ìlú ló ni ín. Ìbàdàn, tó jẹ́ ibùdó ogun látìbẹ̀rẹ̀, ló wá ṣe é jù. Ìlà Balógun wà níbẹ̀ títí dòní, ó sì lè gbé ọmọ rẹ̀ dé orí ìtẹ́ Olúbàdàn. Àmọ́ ipò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, ọdún ń gorí ọdún, ẹni tó fi máa dé òkè, orí rẹ̀ á ti funfun, ìbínú rẹ̀ á ti rọ̀. Ẹ fi ìyẹn wé Ìjàyè lábẹ́ Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tí ìlú gbogbo dúró lórí èjìká ẹnì kan. Lọ́dún 1862, Ìjàyè tú.

Ẹ̀gbọ́n ní kí n fi ti ayé àtijọ́ sílẹ̀, kí n sọ ti òde òní. Ó dáa. Ẹni tó fẹ́ rí bí kákí ṣe ń di agbádá kò ní láti rìnnà jìn. Ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa yìí náà ni.

Ìbògùn-Ọláògún ni Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti wá. Ó kàwé ní Baptist Boys’ High School l’Abẹ́òkúta, ó wọ iṣẹ́ ológun lọ́dún 1958, ó di ẹnjinníà ológun, ó bá àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dé Kóńgò. Lọ́dún 1969 ni wọ́n fi í rọ́pò Benjamin Adékúnlé lójú ogun abẹ́lé, nígbà tó sì di oṣù Kìn-ín-ní 1970, òun ni àwọn ọmọ ogun Biafra juwọ́ sílẹ̀ fún. Ọjọ́ 13 oṣù Kejì 1976 ni wọ́n pa Múrítàlá Mohammed, ìjọba bá já lé igbákejì rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ ọdún méjìdínlógójì, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìbí tó ń lò, ni, tó di olórí Nàìjíríà láìbẹ ẹnikẹ́ni fún ìbò.

Nísinsìnyí, ẹ bá mi dúró díẹ̀ lórí ọdún 1978, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà. Lọ́dún yẹn ni òpópónà Èkó sí Ìbàdàn ṣí, èyí tó gba àárín Rẹ́mọ kọjá, tó sọ Ògèrè àti Ṣàgámù di ibi tí gbogbo ọlọ́kọ̀ mọ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, àṣẹ kan tún jáde láti Èkó: gbogbo ilẹ̀ tó wà nínú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan di ohun tó wà ní ìkáwọ́ gómìnà. Ilẹ̀ o! Ilẹ̀ tí baba ń fi ẹnu júwe fún ọmọ kó tó kú, tí wọ́n ń fi pèrègún pààlà rẹ̀, tí ẹbí ti tìtorí rẹ̀ bára wọn délé ẹjọ́. Kò sí aṣojú kankan tí ará Ìpẹru tàbí Ìṣarà dìbò yàn tó ráyè dìde pé, “Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n lọ bi àwọn ará ilé mi.” Wọ́n fọwọ́ sí i, ó di òfin. Kí ìjọba ológun tó lọ, wọ́n tún so ó mọ́ ìwé òfin ilẹ̀ wa lọ́nà tí kò fi rọrùn láti tú. Òní yìí, ẹni tó bá ra pulọ́ọ̀tì kan ní Ṣàgámù, bí ó ti wù kí ìwé àdéhùn ẹbí pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tó, gómìnà ni yóò buwọ́ lu ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ rẹ̀. Bí kákí ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ó yára, ó sì dùn mọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́.

Ẹ wá wo agbádá. Láti Ìkẹ́nnẹ́, ibi tí wọ́n bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí lọ́dún 1909, wọ́n ń sọ nípa ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955 bí ẹni pé ó bọ́ láti ojú ọ̀run. Kò bọ́ láti ojú ọ̀run. Awólọ́wọ̀ ní láti gbé e lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀, ó ní láti wá owó rẹ̀, owó-orí tí wọ́n sì bù kún un bí aráàlú nínú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹgbẹ́ rẹ̀, Action Group, fi fìdí rẹmi nílé, nínú ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1954, lọ́wọ́ NCNC. Ẹni tó ń fẹ́ ṣe ọ̀fẹ́ fún ọmọ wọn ni wọ́n dìbò ta kò! Sójà ì bá ti ní kí wọ́n kó gbogbo wọn. Ó tún fẹnu bẹ̀, ó ṣàlàyé, wọ́n ṣílẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ ní oṣù Kìn-ín-ní 1955, àwọn òbí rí ọmọ wọn tó ń lọ tó ń bọ̀. Lọ́dún 1956 wọ́n dìbò padà fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tí ìjọba Ọbásanjọ́ wá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà lọ́dún 1976, ohun kan náà ni, ìlù ló yàtọ̀. Èyí tí wọ́n gbé lé ìlú lórí, ìlú kò mọ̀ ọ́n sí tirẹ̀ bí èyí tí wọ́n jọ jiyàn lé.

Èmi ò sọ pé kákí burú, agbádá dára. A ti rí agbádá tó kó owó ìlú sápò títí tí àpò fi ya. Ìyàtọ̀ tí mò ń fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rí kéré ju ìyẹn lọ: ẹni tó wọ agbádá gbọ́dọ̀ bẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ padà wá bẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1978 ni ìjọba ológun tú ìdè òṣèlú. Ọjọ́ kejì ni Awólọ́wọ̀ ti kéde ẹgbẹ́ UPN. Ìyókù, kò sí ọmọ Rẹ́mọ tó ti dàgbà tí kò mọ̀ ọ́n. FEDECO, àjọ elétò ìdìbò, kéde pé Shehu Shagari ló na Awólọ́wọ̀, ọ̀rọ̀ di ti ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ mọ́kàndínlógún, ó di ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ilé ẹjọ́ dá Shagari láre ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 1979, ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn ni Ọbásanjọ́ gbé ìjọba lé e lọ́wọ́. Ẹ bi àgbà kan lórí ọ̀rọ̀ méjìlá àti ìdá méjì nínú mẹ́ta yìí, ní Ìkẹ́nnẹ́ tàbí ní Ìlíṣàn, kí ẹ sì rọra jókòó, nítorí ẹ kò ní tètè dìde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì dárí jì í. Síbẹ̀, n ó sọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé Rẹ́mọ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi: ó lọ. Òun ni olórí ológun àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó fi àlàáfíà gbé ìjọba fún alágbádá, ó lọ máa sin adìẹ ní Ọ̀tà. Ọlá tí lílọ yẹn fún un ló gbé e dé gbogbo ibi tó dé káàkiri ayé lẹ́yìn náà, títí kan ìgbìmọ̀ àwọn ẹni ńlá tí Àjọ Kọmọnwẹ́ẹ̀tì rán lọ sí Gúúsù Áfíríkà lọ́dún 1986.

Lọ́dún 1995, ìjọba ológun mìíràn, ti Abacha, mú un, wọ́n fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kàn án, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n. Sójà ló ń pàṣẹ fún sójà. Abacha kú ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà 1998, wọ́n tú u sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò tó ọdún kan sí ìgbà náà tó búra gẹ́gẹ́ bí ààrẹ, ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1999.

Àmọ́ ìbò tó gbé e wọlé kò ti ilé wá. Gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù ló dìbò fún Olú Fálaè tó bá a du ipò, Ìpínlẹ̀ Ògùn rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òun kó ẹ̀ṣọ́ láti òde wá sílé. Ogún ọdún tí inú ti ń bí ilé kò tíì jinná. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n má wulẹ̀ ka ìyẹn sí ìtàn Ọbásanjọ́ nìkan. Ẹni tó bá ṣe ọgbọ̀n ọdún ní Kàdúná àti Jọ́ọ̀sì, tí kò wá sí ìpàdé ẹbí, tí kò dá owó ìlú, tó jẹ́ pé fọ́tò rẹ̀ lára ògiri ló máa kọ́kọ́ kí wa, kí ló fẹ́ kí a fi dá òun mọ̀?

Ọ̀rọ̀ ilé náà kò sì pẹ́ tó fi dé bá ààrẹ tuntun. Oṣù Keje 1999 ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Ṣàgámù wa níbí, lórí ọ̀rọ̀ Orò, láàárín ọmọ onílé àti àwọn Hausa. Ẹ̀mí ṣòfò, ìgbẹ̀san sì dé Kano. Mo rán ẹ̀gbọ́n létí rẹ̀ nítorí pé nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́, ohun tó máa ń ká wọn lára ni pé kí wọ́n da sójà sígboro. Sójà lè tú agbo ìjà ká, kò burú. Ṣùgbọ́n obì kò lè ti Ṣàgámù lọ sí Kano láìjẹ́ pé ẹni tó ń tà á àti ẹni tó ń rà á tún padà ń kí ara wọn, kò sì sí ìbọn tó ń kọ́ni ní ìkíni.

Ìlù náà ti yí padà nígbà tí Ọbásanjọ́ padà dé. Àwọn aṣòfin wà tí wọ́n lè sọ pé rárá. Ní oṣù Kẹjọ 2002, ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin sọ ọ́ sí i lójú pé kó fipò sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn á yọ ọ́. Ẹ ronú wò, ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọwọ́ sí àṣẹ ilẹ̀ ọdún 1978! Ẹ̀bẹ̀ àti àgbà ló pẹ̀tù sí i. Nígbà tó sì di 2003, ẹgbẹ́ AD tó ni ìwọ̀-oòrùn kò fa ẹnikẹ́ni kalẹ̀ láti bá a du ipò ààrẹ. Ó wọlé nílé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìdìbò gómìnà, ẹgbẹ́ rẹ̀, PDP, gba márùn-ún nínú ìpínlẹ̀ mẹ́fà mọ́ AD lọ́wọ́. Níhìn-ín, Gbénga Daniel ọmọ Ṣàgámù gba ipò lọ́wọ́ Ṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà. Àwọn kan yin Ọbásanjọ́ pé ó ti kọ́ ijó tuntun. Àwọn kan ní ogun ló fi agbádá bò. Tèmi ni pé ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀, kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ẹni tí wọ́n bẹ̀ rí nǹkan mú délé.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 2006. Wọ́n gbé àbá wá láti tún ìwé òfin ṣe, ó lé ní ọgọ́rùn-ún àtúnṣe, ọ̀kan nínú wọn ni gbogbo ayé sì ń wò: kí ààrẹ lè ṣe sáà kẹta. Òun fúnra rẹ̀ ti ń sọ látìgbà náà pé òun ò béèrè fún un. Béèrè ni o, kò béèrè ni o, ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún 2006, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà da gbogbo rẹ̀ nù. Ẹ fi ọjọ́ yẹn sí ẹ̀gbẹ́ oṣù Kẹta 1978. Ọkùnrin kan náà ni. Nígbà àkọ́kọ́, ìfọwọ́sí gbé ilẹ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè láti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Nígbà kejì, ó wà lórí oyè, ó ní ẹgbẹ́ tó tóbi jù, ó ní ìyì káàkiri ayé, síbẹ̀ ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé òfin kò yẹ̀. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n pé ibi tí inú mi ti máa ń dùn jù nínú ìtàn òṣèlú wa nìyẹn, wọ́n sì wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

Kí a má fi ẹnu kan ọmọ Ògùn nìkan. Ní Benin, aládùúgbò wa, Mathieu Kérékou fi ìbọn gba ìjọba ní oṣù Kẹwàá 1972. Ó yí orúkọ orílẹ̀-èdè padà láti Dahomey lọ́dún 1975, ó ṣe é bó ṣe wù ú fún ọdún mẹ́tàdínlógún. Nígbà tí owó tán, tí òṣìṣẹ́ kò rí owó oṣù gbà, wọ́n pe àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè ní Kútọnu ní oṣù Kejì 1990, bíṣọ́ọ̀bù ló sì jókòó ṣe alága rẹ̀. Kérékou gba ohun tí wọ́n fẹnu kò sí. Ó gbé àpótí lọ́dún 1991, Nicéphore Soglo nà án. Ó lọ sílé. Lọ́dún 1996 ó padà wá, pẹ̀lú ìbò lọ́tẹ̀ yìí, ó ṣe sáà méjì, ó sì lọ lọ́dún 2006. Wọ́n ń pè é ní ọ̀gà nítorí bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe ń yí. Kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀. Ó ti gbọ́ “rárá” lójúkojú, kò sì kú.

Daoud Khan ti Afghanistan kò rí irú oore-ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gágun ni, ọmọ ilé ọba ni, ó ti ṣe olórí ìjọba fún ọdún mẹ́wàá rí. Oṣù Keje 1973, nígbà tí ọba tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ wà ní Ítálì, ó fi sójà gba ilé. Àwọn kan nínú àwọn sójà náà ló padà wá ní oṣù Kẹrin 1978, wọ́n pa òun àti ọ̀pọ̀ ẹbí rẹ̀ sínú ààfin. Ilẹ̀kùn tí ẹnì kan fi ẹsẹ̀ gbá wọlé kì í ní kọ́kọ́rọ́ mọ́.

Tí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ èyí tó sún mọ́ ìwọ̀n tiwọn, ẹ jẹ́ kí n mú Ọlágúnsóyè Oyínlọlá, ọmọ ọba Òkukù. Ọ̀gágun ni, ó fi kákí jẹ gómìnà Èkó láti òpin 1993 sí 1996, láìgbé àpótí kankan. Ó wá gbé àpótí l’Ọ́ṣun lọ́dún 2003, ó wọlé. Ní oṣù Kọkànlá 2010, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé Raúf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ló wọlé lọ́dún 2007, kì í ṣe òun. Adájọ́ tí kò ní ìbọn ka ìwé, ọ̀gágun sì jáde nílé ìjọba. Mo bi ẹ̀gbọ́n bóyá wọ́n á lè ṣe ìyẹn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, “Kò rọrùn o.” Ìdáhùn àkọ́kọ́ tó tẹ́ mi lọ́rùn nìyẹn.

Nítorí náà, kí ni kí wọ́n ṣe? Mo sọ ọ́ fún wọn bí ó ṣe ń bọ̀ sí mi lẹ́nu. Wọ́n ti fẹ̀yìntì, ìyẹn dáa, nítorí ìwé òfin sọ pé ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ ti fi í sílẹ̀ ó kéré tán ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó gbé àpótí. Mo sọ ọ́ nítorí àwọn àbúrò wọn tó ṣì wà nínú bárékè tí ara wọn ń yá. Wọ́n gbọ́dọ̀ wọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan, nítorí òfin wa kò gba ẹni tó dá dúró. Kí wọ́n wọ̀ ọ́ láti wọ́ọ̀dù, kí wọ́n gba káàdì lọ́wọ́ ọmọ tí wọ́n ju baba rẹ̀ lọ, kí wọ́n jókòó síbi tí wọ́n bá ní kí wọ́n jókòó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀gágun ti ń padà sílé.

Owó ńkọ́? Èyí tó dùn mí jù nìyí. Owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀gbọ́n mìíràn wà tí wọ́n kó fún un ní àpapọ̀, ọdún kan péré ni àwọn ọmọkùnrin tó ń pè é ní “Jẹ́nẹ́rà wa” fi jẹ ẹ́ tán. Wọ́n jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìkíni, pẹ̀lú ìró ẹsẹ̀ gì-gì, ọwọ́ lórí bí ẹni ń kí ọ̀gá. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n pín owó ìfẹ̀yìntì tiwọn sọ́nà mẹ́ta, kí wọ́n fi ọ̀kan tọ́jú ara, kí wọ́n fi ọ̀kan lé ọwọ́ ìyàwó wọn láì béèrè padà, kí òṣèlú má fojú kan méjèèjì. Bí ìdá kẹta kò bá tó gbé àpótí, àpótí náà kò tíì yá. Ìjà ò dọlà, orúkọ ní í sọ ni. Ìdìbò náà, nígbà mìíràn, kì í fún ni ju orúkọ lọ.

Nípa fọ́tò, mo mú èyí kẹrin, níbi tí wọ́n ti wọ bùbá, tí wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú abọ́ ebìrìpò níwájú wọn, tí ẹnì kan ti bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní ìyẹn kò ní ìyì. Mo ní ó dáa, kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ padà, kí wọ́n má tíì lẹ ọ̀kankan.

Oṣù mẹ́ta kọjá kí a tó tún ṣèpàdé, lórí ọ̀rọ̀ gọ́tà tí òjò ti wó. Ẹ̀gbọ́n pẹ́ dé. Kò sí àga níwájú mọ́, wọ́n bá lọ jókòó lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá olóbì. Àríyànjiyàn gbóná, onílé kan ní ìjọba ni kó ṣe é, èkejì ní ẹni tó kọ́ ògiri sójú omi ni kó wó o. Olórítún wo ẹ̀yìn, ó ní, “Ọ̀gá sójà, ẹ̀yin ò sọ̀rọ̀ lónìí?” Wọ́n dìde. Gbogbo wa dákẹ́, a ń retí ọjọ́ Ẹtì.

“Ẹ jọ̀ọ́,” wọ́n ní, “mi ò sí nílé nígbà tí wọ́n la gọ́tà yìí. Ta ló mọ ibi tí omi náà ń gbà tẹ́lẹ̀?”

Ìyá olóbì fa aṣọ wọn. “Jókòó, ọmọ mi,” wọ́n ní. “Èmi mọ̀ ọ́n.”